Ààwẹ̀ Ojúlarí

"Ẹ tẹ̀ka, Dókítà. Òòrùn ti kan àtàrí."

Dókítà Látóyè kọ́kọ́ wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò tó ti jẹun tán tí kò sì fẹ́ lọ. Ó wá gbójú sókè wo Alákòóso Ọlálérè, láti orí fìlà funfun tó dé bí ẹni tó fẹ́ lọ dáná fún ọba, títí dé bàtà rẹ̀ tí kò tẹ ẹrẹ̀ rí. Níbo ni yóò ti rí ẹrẹ̀ tẹ̀? Wọ́n bí ọmọ náà lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ ti tán ní Ẹ̀bá-Ògùn.

Lórí tábìlì onírin tó wà láàrin àwọn méjèèjì, ajá pupa kan dùbúlẹ̀, wọ́n fi ìgbànú dè é, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó gbẹ bí awọ bàtà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Olóòótọ́ ti fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti tọ́ ọ wò, ó sì ti sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn dídùn bíi ti ìyàwó tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nílé ọkọ.

"Kiriatínì inú ẹ̀jẹ̀, igba ó lé méjìlá. Ìlà òfin, ogóje. Kíndìnrín ti kú. Afomiṣòfò ni ẹran yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ka."

"Kíndìnrín ti kú," Látóyè tún un sọ, ó ń fi imú rẹ́rìn-ín. "Iye kan ṣoṣo ló rí, ó ti mọ ohun tó pa òkú. Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bó bá ti gbọ́ ikọ́ lójúde báyìí, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún òkú."

"Bàbá, ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe."

"Òótọ́ ni. Ẹni tí kì í ronú, níbo ni yóò ti rí àṣìṣe ṣe?"

Ọlálérè fa ojú ro. Òfin ló dè é lọ́wọ́ tí kò fi lé bàbá náà jáde. Òfin ní ẹ̀rọ lè dájọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nínú ikú. Bí dókítà ẹran kò bá tẹ àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì, abẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ tábìlì kò ní gbéra. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ẹ̀kán-Omi fi gba Látóyè síṣẹ́ nígbà tó ti òkè òkun dé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Odò Ògùn ló ń wá bọ̀. Ó bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó ń sáré nínú ihò odò tó ti gbẹ, tí wọ́n ti sọ di títì, tí wọ́n sì ya ìlà funfun sí i láàrin. Wọn ò gba ọpọlọ rẹ̀ síṣẹ́. Ìka ni wọ́n gbà. Ife omi mẹ́fà lójúmọ́ ni ìpín rẹ̀, ó sì ti tẹ̀ka pa ẹran mẹ́tàlélógójì láàrin oṣù mẹ́jọ: ajá, ewúrẹ́, ológbò, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tó ń wò ó lójú títí ẹ̀mí fi bọ́.

Ó na àtàǹpàkò. Bí yóò ṣe kan gíláàsì ni ilẹ̀kùn já wọlé gbàgà.

"Ta ló ní kíndìnrín Ojúlarí kú? Kíndìnrín baba ẹni tó sọ ọ́ ló kú!"

Obìnrin kan ni, yóò tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó ga, ó gbẹ, ó fi ọ̀já gbé kèrègbè omi kọ́ èjìká. Wọn kì í jẹ́ kí olóhun-ọ̀sìn wọ Gbọ̀ngán Àyẹ̀wò. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ti ń gba ẹran lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yìn odi náà ni wọ́n ti ń gbé awọ fún wọn. Ṣùgbọ́n èyí ti ta ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nù.

"Ìyá, ẹ jáde!" Ọlálérè kígbe.

"Ìwọ ọmọ yìí, má fi ẹnu tó o fi ń mu omi wa lé mi jáde. Èmi ni Ṣẹ̀gilọlá, awòpáìpù Ìsàlẹ̀-Afárá. Ajá àdúgbò lẹ dè mọ́lẹ̀ yẹn. Ọdún méje lèmi àti ẹ̀ fi ń rin orí páìpù láàárọ̀. Ibi tí omi bá ti ń jò lábẹ́ ilẹ̀, á gbóòórùn ẹ̀, á jókòó. Bó bá ti jókòó, ẹ gbẹ́ ẹ. Bí ẹ ò bá bá omi níbẹ̀, ẹ wá gé etí mi. Ọdún méje! Kò jókòó lásán rí lọ́jọ́ kan."

Látóyè yíjú sí Alákòóso pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni rí ohun àdídùn lórí àwo.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Ajá tó ń bá yín wá omi lẹ fẹ́ pa kí omi má bàa ṣòfò. Ilé ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ti kọ́ ọ ní irú ọgbọ́n yìí? Kí n má lọ rán ọmọ ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀."

"Bàbá, òfin—"

"Àní ajá tí kì í ṣòfò!" Ṣẹ̀gilọlá gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń lu àyà. "Ajá tí mo mú gba ààwẹ̀ ọjọ́ méjì gbáko kó tó wá síbí! Láti òwúrọ̀ ìjẹta, ẹ̀kán omi kan ò kan ahọ́n ẹ̀. Ta ló tún tọ́jú ẹran báyẹn?"

Ọwọ́ Látóyè dúró lófuurufú.

"Ààwẹ̀ wo?"

"Ààwẹ̀ àyẹ̀wò." Obìnrin náà wò ó bí ẹni ń wo ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé baba rẹ̀. "Gbogbo ìlú ló ń ṣe é, Bàbá. Bó bá ku ọjọ́ méjì kí ẹran lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, a ó fi aṣọ di í lẹ́nu, kí wọ́n lè rí i pé ẹran ilé wa kì í mu omi nímukúmu. Ẹran tó bá fi ikùn tútù wá síbí, wọ́n á ní omi àdúgbò ló mu. Wọ́n kúkú yà á sínú ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri níta."

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n yà á. Látóyè ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti oṣù mẹ́jọ: ewúrẹ́ kan tí wọ́n fi aṣọ funfun dì lẹ́nu, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẸRAN RERE A MÁA GBA ÀÀWẸ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìṣírí kan lásán ni, irú èyí tí àwọn Àjọ máa ń kọ bí ọ̀dà bá ṣẹ́ kù. Kò bi ẹnì kankan léèrè. Omi kànga oníyọ̀ ló rò pé ó ń ba kíndìnrín ẹran ìlú náà jẹ́, ó sì ti dá wọn lẹ́bi lọ́kàn pé wọ́n ń fún ẹran ní ìdọ̀tí mu.

Mẹ́tàlélógójì. Láti ọjọ́ tó ti dé ni ẹ̀gàn rẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò gùn lẹ́yìn láàrin ìlú yìí. Lójijì ó bọ́ sí òun gan-an lẹ́yìn, ó sì wúwo.

"Ẹ̀yin ará ibí," ló sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "ẹ ò ní jẹ́ kí ẹran mu omi. Ẹ̀jẹ̀ á wá ki. Ẹ̀rọ á ní ẹ̀jẹ̀ ki, kíndìnrín ti kú. Èmi arúgbó a sì tẹ̀ka. Ẹ gbọ́, ta ni wèrè nínú wa?"

"Kí lẹ ń sọ, Bàbá?" ni Ṣẹ̀gilọlá wí. Ìgbéraga ti ń kúrò lójú rẹ̀.

"Ṣé o máa ń sẹ́ ògì?"

"Ìyá mi máa ń sẹ́ ẹ. Nígbà tí omi wà."

"Bí omi ò bá tó, ǹjẹ́ ògì á sẹ́?"

"Á jókòó pa sórí aṣọ asẹ́ ni."

"Bó bá jókòó pa bẹ́ẹ̀, asẹ́ ló ya ni?"

"Rárá o. Omi ló wọ́n."

"Ó tán. Asẹ́ ni kíndìnrín. Kiriatínì yẹn, èérí inú ẹran ara ni, ó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ ẹ jáde. Bí asẹ́ bá ya, èérí á pọ̀ lẹ́jẹ̀. Bí omi bá wọ́n, èérí á pọ̀ lẹ́jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ò lè sọ èwo ni. Ìtọ̀ ló ń sọ ọ́. Kíndìnrín tó yè, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á há omi mọ́ ara bí ahun. Ìtọ̀ á pọ́n, á ki. Èyí tó ti kú ò lè há nǹkan kan. Kí òùngbẹ máa pa olúwa rẹ̀ lọ, ìtọ̀ rẹ̀ á máa ṣàn bí omi lásán."

"Ìtọ̀ kò sí nínú ìlànà," ni Ọlálérè sọ kíákíá.

Kò lè sí níbẹ̀. Ìtọ̀ ènìyàn, ìtọ̀ ẹran, títí dé òógùn tí aṣọ ibùsùn fà mu, ti Àjọ ni. Wọ́n ń gbà á, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń dá a padà fún ìlú nínú ife. Omi tó o mu lónìí, ta ló tọ̀ ọ́ lánàá? Ọmọlúàbí kì í béèrè. Ẹni tó bá da ìtọ̀ nù, tàbí tó fi ṣe ohunkóhun, olè ni.

Ajá náà, bóyá ariwo ló bà á lẹ́rù, tọ ìtọ̀ díẹ̀, kò ju ìwọ̀n ṣíbí kan lọ, ó pọ́n bí oyin. Ìtọ̀ náà ń wọ́ lọ sínú ọ̀nà tóóró tó yí tábìlì ká, tó ní àkọlé TI ÀJỌ. Látóyè ṣí ìdérí ìgò kan, ó fi gbà á lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀ẹ́n! Ohun-ìní Àjọ lẹ ń jí yẹn!"

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà: Látóyè, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó jí ìtọ̀ ajá. Kí ẹ sì fi orúkọ baba mi kún un, kó má lọ jẹ́ Látóyè mìíràn lẹ máa mú."

Ó fa ohun kan yọ lápò, ọ̀pá dúdú kékeré kan tó ní gíláàsì lójú méjèèjì, tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ki tó, tó dàgbà ju Ọlálérè lọ. Ó kán ẹ̀kán kan sórí rẹ̀, ó pa ìbòrí rẹ̀ dé, ó gbé e kojú fèrèsé, ó sì di ojú kan. Nínú ọ̀pá náà, òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ pàdé lójú ìlà.

"Omi lásán, orí ẹgbẹ̀rún ló ń dúró sí," ló wí. "Ajá tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú, bóyá ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́wàá. Ọlálérè, wá fi ojú tí wọ́n fún ọ wò ó."

Alákòóso lọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀fíntótó ju òfin lọ. Ó wò ó.

"Ẹgbẹ̀rún... ó lé méjìdínláàádọ́ta."

"Kíndìnrín tó kú lè ṣe ìyẹn? Mo ní kí o sọ."

Ọlálérè lọ tú inú kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan, ó mú ìgò pélébé kan bọ̀, ó yọ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi, ó rì í bọ inú ìdérí náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó gbá olè mú.

"Ẹ wo ibí yìí! Ó ti ń di àwọ̀ ewé. Purotíìnì ni. Kíndìnrín ń jò!"

"Áà, ọ̀mọ̀wé." Látóyè tẹrí ba fún un. "Ìwọ̀n iyọ̀ ṣíbí kan nínú ìkòkò ọbẹ̀, àti ìwọ̀n iyọ̀ ṣíbí kan nínú ife kékeré, ṣé bákan náà ni wọ́n ṣe ń ta lẹ́nu? Ìtọ̀ tó ki tó báyìí, bí bébà yẹn ò bá tilẹ̀ yí padà díẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ìbá bà mí. Ṣúgà ńkọ́? Kò sí. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Kò sí. Òùngbẹ ló ń gbẹ ajá. Kò sí àìsàn níbẹ̀ ju ìwọ, èmi àti obìnrin yìí lọ."

Ṣẹ̀gilọlá ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi ni mo di aṣọ náà. Ó ń wò mí, mo sì ń dì í."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ka," ni ẹ̀rọ wí.

"Mo kọ̀," ni Látóyè wí.

Iná ẹ̀rọ di pupa. "Dókítà ti kọ̀. Inú ìpín Dókítà ni omi ẹran yóò ti wá títí di àyẹ̀wò kejì, ọ̀la, ní wákàtí yìí. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ fún un. Bí iye bá ṣì kọjá ìlà, ẹran á kú, Dókítà á sì pàdánù ìpín rẹ̀."

"Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, Bàbá," Ọlálérè wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ jọ ti ènìyàn. "Ife mẹ́fà yín ti òní, òun ló ni í. Ẹ ò ní mu nǹkan kan títí di ọ̀la. Nínú ooru yìí. Ajá ni o."

Látóyè mọ̀ ọ́n ju bí ọmọ náà ti rò lọ. Ọjọ́ kọkànlá rèé tó ti ń kán ìtọ̀ ara rẹ̀ sórí ọ̀pá dúdú yẹn láàárọ̀, kó tó fi omi kan ẹnu, nígbà tó yẹ kí ìtọ̀ ènìyàn ki jù lọ. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí ìlà ń dúró sí ibì kan náà bí ìbákà tó kọ̀ láti rìn: ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́wàá. Òkú kíndìnrín tí ẹ̀rọ ń wá nínú ajá, inú arúgbó tó dúró tì í ló wà. Ife mẹ́fà náà ló ń gbé e dúró. Ó sì tún ti rí ìwé mìíràn lára ògiri gbọ̀ngán, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ: OṢÙ TÓ Ń BỌ̀, ÀYẸ̀WÒ KÍNDÌNRÍN FÚN ÀWỌN ÀGBÀ, LÁTI ỌGỌ́TA ỌDÚN.

Bó bá tẹ̀ka, yóò mu omi lónìí, yóò tún mu lọ́la, ẹran yóò wá di mẹ́rìnlélógójì. Ta ló máa mọ̀?

"Tú ìgbànú yẹn," ló sọ fún Ọlálérè. "Kí o sì bá mi gbé ife mi wá. Rọra o. Bó o bá dà á nù, ìwọ náà á gba ààwẹ̀."

Kò jẹ́ kí ajá náà gbé e mu lẹ́ẹ̀kan. Ẹran tí òùngbẹ ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀, bó bá mu ún yó lẹ́ẹ̀kan, yóò bì í. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dà á sínú àwo, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ahọ́n ajá ṣe ń lá omi, tó ń dún pàlà, pàlà, ọkàn arúgbó náà lọ jìnnà. Ó rántí àpáta pẹlẹbẹ kan létí Odò Ògùn, níbi tí òun àti ajá baba òun máa ń dojú bolẹ̀ sí, ẹnu àwọn méjèèjì nínú omi kan náà, tí ìyá òun á máa kígbe láti òkè pé ta ni nínú yín ni mo bí? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi sọ ìtàn àpáta yẹn fún àwọn òyìnbó. Ní báyìí, ọ̀dà ìlà funfun ló wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ kejì fi pọ́n, ẹnu rẹ̀ ti ń ta bí ẹni lá irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú lórí bàtà, ilẹ̀ gbọ̀ngán sì ń yí díẹ̀díẹ̀. Ó di tábìlì mú, ó ṣe bí ẹni tó fi ìyájú fara tì í. Ajá ti dìde dúró. Ìrù rẹ̀ ń gbá Ṣẹ̀gilọlá lẹ́sẹ̀.

Olóòótọ́ fa ẹ̀jẹ̀. Ó tọ́ ọ wò.

"Kiriatínì inú ẹ̀jẹ̀, méjìdínlọ́gọ́fà. Ìlà òfin, ogóje. Kíndìnrín yè. Ẹran rere. Ẹ kú oríire." Ohùn kan náà, adùn kan náà, láìtijú.

Ṣẹ̀gilọlá pariwo, ó gbá ajá mọ́ra. Ọlálérè tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Mo sọ fún yín, Bàbá. Ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe. Ẹ ò rí i bó ṣe tún ara rẹ̀ ṣe?"

Ẹ̀gàn tó wà lọ́kàn Látóyè ì bá kún kànga, ṣùgbọ́n itọ́ tí yóò fi sọ ọ́ kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó rìn lọ síta tàgétàgé, ó fi èékánná ya ewúrẹ́ ẹlẹ́rìn-ín kúrò lára ògiri, ó fún un pọ̀, ó padà wọlé, ó sì kì í bọ Ọlálérè lápò àyà.

"Kí gbogbo ẹran tó bá ń bọ̀ níbí mu omi kó tó dé. Kọ ìyẹn. Kí o sì wá àwo tí a ó máa fi gba ìtọ̀."

"Àwọn mẹ́tàlélógójì yẹn ńkọ́?" Ọlálérè béèrè, ohùn rẹ̀ kéré. "Kí ni kí n kọ?"

"Kọ orúkọ mi."

Ṣẹ̀gilọlá fa okùn ajá. "Ojúlarí, jẹ́ ká lọ. Páìpù ń dúró dè wá."

Ajá náà gbé ẹsẹ̀ méjì, ó dúró. Ó yíjú padà, ó na imú. Ó gbóòórùn bàtà Látóyè, ó gbóòórùn eékún rẹ̀, ó gbé imú sókè dé ìbàdí rẹ̀, ibẹ̀ ló gbé pẹ́. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe lórí páìpù láti ọdún méje, ó jókòó síwájú arúgbó náà.

Ṣẹ̀gilọlá fa okùn. Kò mira. Ó tún fà á. Ọwọ́ rẹ̀ wá dẹ̀. Ó wo ajá, ó wo ẹsẹ̀ tó wú, ó wo ètè tó bó, ó sì wo ojú Látóyè, ẹni tó mi orí fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀ báyìí: má sọ ọ́.

"Kí ló ń ṣe ajá yẹn?" Ọlálérè gbójú sókè láti inú ìwé tó ń kọ. "Ṣebí ẹ ní kì í jókòó lásán?"

Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, gọ́ọ̀mù ìwé àwọn àgbà ti gbẹ.

"Ẹ má dá a lóhùn, Alákòóso," ni Ṣẹ̀gilọlá wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti darúgbó. Ibi tó bá ti rí ló ń jókòó sí báyìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ajá náà kọ́ apá, pẹ̀lú bó ṣe wúwo tó yẹn. Nígbà tí wọ́n fi jáde tán, kèrègbè Ṣẹ̀gilọlá wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Látóyè, ó kún.